Orúkọ Tí Wọ́n Pè Sórí Àga Ogudu

Ojú ti ń ti Dókítà Kẹ́misọ́lá Bánjọ kí ọkọ̀ ojú omi tó kúrò létí odò rárá. Ó fi ìbòmú tó máa ń lò níbi iṣẹ́ bo imú àti ẹnu, ó fi ìborùn dúdú wé orí, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà bá a sọ̀rọ̀. Godwin tó ń tukọ̀ rò pé òórùn omi ni kò bá a lára mu. Ó ní, "Madam, ẹ má worry, Agboyi no far." Kẹ́misọ́lá kàn mi orí ni. Obìnrin tó ti ń yọ ehín jíjẹrà lẹ́nu àwọn èèyàn láti ìgbà èwe rẹ̀ kì í sá fún òórùn. Ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sá fún.

Ó sì yẹ kó sá. Inú ẹ́sítéètì tó ní géètì ló ń gbé, akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ìjọ a sì máa pè é pé kó bá àwọn gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó. Ká ní ẹnì kan sọ fún un lọ́dún tó kọjá pé yóò gun ọkọ̀ ojú omi lọ bá oníṣègùn lọ́sàn-án gangan nítorí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ì bá fi onítọ̀hún rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà ni Dókítà Damaris Ọláìyá. Damaris ló kọ́kọ́ dá ilé ìwòsàn ehín sílẹ̀ ní Kétu. Òun ló gba Kẹ́misọ́lá mọ́ra nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀mú mú kí ọwọ́ má baà wárìrì, tó sì sọ ọ́ di alábàáṣiṣẹ́ tí wọ́n jọ ń pín èrè. Nígbà tí Kẹ́misọ́lá bí Fẹ́rànmí, Damaris ló gbé ọmọ náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Fẹ́rànmí dàgbà tán, Big Mummy ló ń pè é, òun náà sì lọ kọ́ iṣẹ́ ehín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ẹ̀ka kejì ní Ogudu. Kẹ́misọ́lá ló sá sókè sá sódò títí ibẹ̀ fi dúró, òun ló sì lọ yan àga tuntun tí àwọn aláìsàn ń sùn sí níbẹ̀, àga aláwọ̀ ewé tó ń lọ sókè sódò láìpariwo. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn Kétu pàápàá fi ń gba Ogudu lọ. Òrùlé ń jò ní Kétu, àga ibẹ̀ ń dún, ariwo mọ́tò kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí aláìsàn ń sọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bàjẹ́, ìtìjú ni láti máa sọ ọ́. Ẹnì kan sọ fún ẹnì kan, ẹni náà sọ fún Kẹ́misọ́lá, pé Felix àbúrò Damaris ń bọ̀ láti Kánádà láti wá máa ṣe ọ̀gá ní Ogudu. Kẹ́misọ́lá kò béèrè lọ́wọ́ Damaris. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní kíkí tí kò dé inú. Damaris náà rí i, kò béèrè. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi WhatsApp ránṣẹ́ síra wọn nínú ilé kan náà, títí wọ́n fi gbà pé kí kálùkù máa lọ.

Lọ́yà Reuben ni wọ́n ní kó bá àwọn pín in. Ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀ owó oṣù àti èrè tó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Ó wá ku Kétu àti Ogudu. Lọ́yà ní, "Bí wọ́n ṣe pín ogún bàbá mi la máa pín in. Àbúrò á pín in sọ́nà méjì, ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá mú, á gbé ọwọ́ lé e, á pe orúkọ ẹni tó ni ín lójú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn."

Kẹ́misọ́lá ni àbúrò. Ó pín in lọ́kàn ara rẹ̀ títí, ó gbé èyí kúrò níbí, ó gbé e sọ́hùn-ún, ibi yòówù kó gbé e gbà, Ogudu ló dára jù. Ẹ̀gbọ́n ló sì máa kọ́kọ́ mú. Ohun tó gbé e wọ ọkọ̀ Godwin nìyẹn.

*

Bàbá Olújìmí, oníṣègùn náà, ń tún àwọ̀n ṣe níwájú ilé pákó rẹ̀. Kò gbójú sókè nígbà tí Kẹ́misọ́lá kúnlẹ̀ kí i. Oòrùn ń mú gan-an, síbẹ̀ atẹ́gùn tútù kan ń ti abẹ́ ilé náà jáde, ó ń kan obìnrin náà lẹ́sẹ̀.

"Kí lẹ bá wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kan ni, Bàbá. A fẹ́ pín nǹkan. Mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ kúrò lára ọ̀kan, kó má mú un."

"Kí ló ṣe fún yín?"

 Gbogbo ohun tó wá sí Kẹ́misọ́lá lọ́kàn ni oore tí Damaris ti ṣe fún un. Ó ní, "Ó fẹ́ gba ohun tí mo làágùn sí."

Bàbá fa okùn àwọ̀n náà. "Èmi ò ní èyí tó ń yí ojú èèyàn. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ ló ń mú. Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ sórí nǹkan tí a bá fi í sí, ọwọ́ rẹ̀ ò ní dúró mọ́. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń yọ ehín."

Ìgbà yẹn ni bàbá náà tó wojú rẹ̀. "Kí ló máa wá kù fún un?"

Kẹ́misọ́lá mọ ìdáhùn. Ó mọ̀ pé ibi tó yẹ kóun ti dìde kóun máa lọ sílé nìyẹn. Ọkọ̀ Godwin ṣì wà létí omi, ó ń rí i. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí ọwọ́ Damaris ò bá dúró mọ́, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa ta Ogudu fún ju òun lọ. Ó jókòó síbẹ̀.

Bàbá ní kó lọ mú ehín kan wá, ehín tí ọwọ́ Damaris fúnra rẹ̀ yọ.

*

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni tíì dà sí Damaris láyà. Kò kà á sí. Ó yí aṣọ padà, ó gba iṣẹ́ lọ ní Kétu, aláìsàn àkọ́kọ́ tó sì wọlé sí i jẹ́ ọkùnrin kan tó ń ta tòmátì ní Mile 12. Damaris fún un lábẹ́rẹ́, ó dúró kí ẹnu rẹ̀ kú, ó fi ẹ̀mú di ehín náà mú. Bó ṣe fẹ́ fà á, ìka rẹ̀ tú sílẹ̀ fúnra wọn. Ẹ̀mú já bọ́ sínú àwo. Ó tún gbé e, ó tún bọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa bọ̀ lọ́la," ló wí. "Ẹ̀rọ wa ló dàrú díẹ̀."

Ọkùnrin náà lọ pẹ̀lú ẹnu tó ti kú, Damaris sì jókòó sórí àga kékeré rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò tíì pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn rí láyé rẹ̀, ó sì dùn ún.

Lóru ọjọ́ yẹn, ó lálàá pé ehín òun ń yọ. Dókítà ehín tó lálàá pé ehín ń yọ, ó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ọmọ Rẹ́mọ ni Damaris, nílé ìyá rẹ̀ wọn kì í fi àlá ehín rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá lá a, á máa pe ilé kiri títí yóò fi gbọ́ pé kò sẹ́ni tó kú nínú ẹbí. Nínú àlá yìí, àwọn ehín náà ń bọ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n gbóná, ọwọ́ náà kò sì lè dì wọ́n mú.

Bàbá Nojeem tó ń tọ́jú ilé ní Kétu ló wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ má bínú o. Dókítà Kẹ́mi wá síbí lọ́jọ́ Friday lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ. Níbi garawa pupa tá a ń kó ehín sí ni mo ti bá wọn, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní kí ni wọ́n ń wá, wọ́n ní yẹtí àwọn ló já sínú ẹ̀."

"Ṣé wọ́n rí i?"

"Wọ́n wé nǹkan kan sínú tissue. Wọn ò kí mi tí wọ́n fi jáde."

Damaris dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.  Kẹ́misọ́lá kì í wọ yẹtí wá síbi iṣẹ́. Òun Damaris ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé yẹtí lè já bọ́ sẹ́nu aláìsàn, ọmọ náà sì ti ń pa á mọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àhesọ náà ti kan òun náà létí, kó sì tún wá jẹ́ nítorí Felix. Felix tí wọ́n ń sọ yìí, tírélà ló ń wà ní Kánádà, kò sì tiẹ̀ mọ̀nà Ogudu. Ká ní Kẹ́misọ́lá béèrè ni, ìbá má ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan lọ.

*

Ìsọ̀ Ìyá Fadékẹ́ wà lẹ́yìn pátápátá nínú ọjà Kétu, níbi tí wọ́n ti ń ta ewé, egbò, àti àwọn nǹkan gbígbẹ tó ṣòro láti mọ ohun tí wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n wà láàyè. Damaris fi gíláàsì dúdú bojú. Dìákónì ni ní ìjọ rẹ̀, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó dúró síwájú ìsọ̀ náà.

"Ẹ yọ gíláàsì yẹn, Dókítà," ni Ìyá Fadékẹ́ wí, ó sì la ẹnu gbàgà. "Ẹ̀yin lẹ yọ èyí tó wà lẹ́yìn yìí fún mi. Ẹ ò dùn mí rárá. Ẹ wọlé."

Ojú ti Damaris débi pé ó fẹ́ padà. Ó wọlé. Nínú ìsọ̀ náà ṣókùnkùn, egungun àti ewé ń rùn pa pọ̀. Ìyá Fadékẹ́ gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì fi í sílẹ̀ kíá.

"Wọ́n ti fi ọwọ́ yìí han oògùn. Wọn ò tíì parí ẹ̀. Ẹ ń bọ̀ wá pín nǹkan, àbí?"

Damaris kò tíì sọ ọ́ fún un. Kò mọ bí Ìyá Fadékẹ́ ṣe mọ̀.

"Nínú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ pín ni wọ́n máa fi í sí. Mo ní èyí tó máa dá a padà sára ẹni tó rán an."

"Rárá, Ìyá. Mi ò fẹ́ kí ohunkóhun ṣe é. Bí àbúrò ló jẹ́ sí mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni."

Ìyá Fadékẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó nà sókè, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Damaris fà sẹ́yìn, ó kọlu agbọ̀n egungun kan, ó ní, "Ìyẹn ò ṣeé ṣe. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà ju ẹ̀mí mi lọ."

"Ìdí ẹ̀ tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ẹ̀bùn lẹ fún un. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, ìyá ẹ̀ ò ní lè dákẹ́."

Ó fún Damaris ní nǹkan kan tí wọ́n fi ewé gbígbẹ dì, ó ní kó fi í sábẹ́ ahọ́n lọ́jọ́ náà, kí ọ̀rọ̀ tó bá sọ lè dúró. Damaris jáde, ó rìn títí dé ojú títì, ó ń bi ara rẹ̀ pé irú èèyàn wo lòun. Ó wọ kẹ̀kẹ́. Nínú kẹ̀kẹ́ náà ló ti mú fóònù, tó pe Fẹ́rànmí.

"Ṣé ọmọ mi máa ráyè lọ́jọ́ Sátidé? Ní Ogudu ni. Má sọ fún Mummy ẹ, mo fẹ́ fi ṣe surprise."

"Ẹ̀yin ni mi ò ní ráyè fún, Big Mummy?" ni ọmọ náà wí, inú rẹ̀ sì ń dùn.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Kẹ́misọ́lá nìkan ló kù ní Ogudu. Ìgò kékeré tí Bàbá Olújìmí fún un wà nínú báàgì rẹ̀. Bàbá ní kó má fi ọwọ́ lásán kan án, torí náà ó wọ ìbọ̀wọ́, irú èyí tó máa ń wọ̀ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó fi ohun dúdú inú ìgò náà pa abẹ́ ibi tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Ó ń rùn. Ó bu òróró kánáfùrù tí wọ́n ń lò fún ehín ríro, ó fi nu ara àga náà, òórùn iṣẹ́ sì bo òórùn kejì mọ́lẹ̀.

Iná lọ. Wọ́n ti pa invẹ́tà, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, gbogbo ilé dákẹ́. Kẹ́misọ́lá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó rí i pé ibi ìgbọ́wọ́lé tó wà níwájú òun ti ń lọ sókè. Àga náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, bó ṣe máa ń gòkè bí aláìsàn bá ti sùn sórí rẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ó gòkè dé ibi tó máa ń dúró sí fún iṣẹ́, ó dúró.

 Kẹ́misọ́lá gbàdúrà, ṣùgbọ́n orúkọ tó fẹ́ pè kò wá sí i lẹ́nu, nítorí ojú ń tì í láti pè é níbẹ̀. Ó fi eékún rìn dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí iná dé, kò padà wọlé lọ wò ó. Ó ti ilẹ̀kùn láti ìta, ó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìbọ̀wọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rò ó láti fi WhatsApp ránṣẹ́ sí Damaris pé kó má wá. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Kí ló fẹ́ sọ pé ó fà á?

*

Sátidé ni wọ́n pín in ní Ogudu. Lọ́yà Reuben ti jókòó, Damaris wọlé, ó kí wọn ní ohùn kékeré bíi pé nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀. Kẹ́misọ́lá kò wojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ̀n lórí báàgì, kò sì yé e, nítorí wọn kò tíì pe orúkọ kankan.

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Fẹ́rànmí ló wọlé, ó wọ kóòtù funfun rẹ̀, ó ti ibi iṣẹ́ wá tààrà.

"Kí lo wá ṣe níbí?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Big Mummy ló pè mí. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Uncle Reuben."

Lọ́yà ní kó jókòó. Ó yíjú sí Kẹ́misọ́lá. "Àbúrò, ẹ pín in."

Kẹ́misọ́lá ka ohun tó ti há sórí. Kétu pẹ̀lú orúkọ ilé ìwòsàn náà àti àwọn aláìsàn àtijọ́, ìyẹn ọ̀kan. Ogudu pẹ̀lú ẹ̀rọ àwòrán ehín àti àga tuntun, ìyẹn ìkejì. 

"Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú."

Damaris dìde, ó sì rìn lọ síbi àga náà. Àga náà ṣì wà lókè níbi tó dúró sí lálẹ́ àná. Ó gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà sókè, kò jẹ́ kó balẹ̀ sára rẹ̀.

"Ogudu ni mo mú," ló wí. Kẹ́misọ́lá pa ojú dé. "Ṣùgbọ́n mi ò mú un fún ara mi. Mo ti ń dàgbà, Kétu tó mi. Fẹ́rànmí Bánjọ, ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, orúkọ ẹ̀ ni mo pè sórí àga yìí. Fẹ́rànmí Bánjọ ló ni ín."

 Ọmọ náà dìde, omi ti dé ojú rẹ̀, ó dì mọ́ Damaris. "Big Mummy, mi ò mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ."

"Aunty," ni Kẹ́misọ́lá wí, "ó ti pọ̀ jù. Ọmọdé ni."

"Ọmọdé kọ́. Ọjọ́ orí tó wà yìí ni mo wà nígbà tí mo ṣí Kétu."

"Housemanship ló ṣì wà."

"Ibí á máa dúró dè é. Ìwọ wàá máa bá a mójú tó o. Àbí kò wù ẹ́ kó jẹ́ ti ọmọ ẹ?"

Damaris ń wò ó bó ṣe ń béèrè. Lọ́yà Reuben náà ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí lójú tiẹ̀, ìjà ti parí sí ohun tó dára ju bí gbogbo wọn ṣe rò lọ. Ó ní, "Mama Fẹ́rànmí, ẹ dúpẹ́ nísinsìnyí."

Fẹ́rànmí ti jókòó sórí àga kékeré tí dókítà máa ń jókòó sí. Ó fa iná tí wọ́n fi ń wo ẹnu wá sítòsí, ó gbé ọwọ́ lé ibi ìgbọ́wọ́lé àga aláwọ̀ ewé náà, lápá ọ̀tún, lápá òsì, ó ń fi ìka rẹ̀ ra abẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tó ń wo aṣọ tuntun. Ó mú dígí kékeré inú àwo. Dígí náà kan etí àwo, ó dún. Ó gbé e sókè, ó tún dún.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ni ọmọ náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ayọ̀ yìí pọ̀ fún mi."

Kẹ́misọ́lá kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀. Fẹ́rànmí, dìde kúrò níbẹ̀, jọ̀ọ́. Mo fi nǹkan sí i." Ó nawọ́ sí abẹ́ ibi ìgbọ́wọ́lé. "Mo fi oògùn sí i. Mo lọ sí Agboyi. Aunty Damaris ni mo ṣe é fún, kí ọwọ́ wọn má baà ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n máa pè. Aunty, ẹ pè é padà. Ẹ pe orúkọ mi dípò ẹ̀. Ẹ pe Kẹ́misọ́lá."

Ẹ̀rín kúrò lójú Lọ́yà Reuben. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, kò mọ ibi tó fẹ́ wò. Fẹ́rànmí kò tíì dìde. Ó ń wo ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀, ìyá tó máa ń gbé ọwọ́ lé e lórí gbàdúrà ní gbogbo àárọ̀ ìdánwò.

Kẹ́misọ́lá pariwo orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ Damaris kò lè pè é, ọ̀rọ̀ tó ti sọ ti dúró. Ó tu nǹkan tó wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ sọ́wọ́, ó dì í mọ́ ibẹ̀, òun náà sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ ni."

Ìgbà yẹn ni Fẹ́rànmí sọ̀rọ̀. Ó rọra sọ ọ́.

"Big Mummy, ẹ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ kí ẹ tó pe orúkọ mi?"

Damaris gbójú sókè. Gbogbo ohun tó ti rò láti inú ìsọ̀ Kétu wá, pé ẹ̀bùn ni bí kò bá sí nǹkan, pé ìyá rẹ̀ kò ní dákẹ́, kò sí ọ̀kan tó ṣeé sọ sí ọmọ náà lójú. Ojú tì í kọjá ohun tó lè fara dà. "Mo rò pé ó máa tètè sọ ni," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ sì dúró, ẹ ń wò ó, èmi ń fọwọ́ kàn án."

 Kẹ́misọ́lá nawọ́ sí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Fẹ́rànmí ti dìde. Ó gbé dígí náà padà sínú àwo, ó sì gba àkókò kó tó balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó tì wọ́n wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ó gba àárín àwọn obìnrin méjì náà kọjá láìkan ẹnì kankan nínú wọn, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Lọ́yà Reuben rò pé ó fẹ́ jáde, ó ń dúró kó ṣí i. Kò ṣí i.

"Uncle Reuben," ló wí, kò yíjú padà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn."